Ìtàn Ayé Herbert Macaulay, àti Ohun tí Ó Kọ́ Wa Nípa Yíyan Iṣẹ́

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Bí ọmọ bá jáde ilé-ìwé, baba ti ní iṣẹ́ tí ó fi sí ọkàn fún un. Ìyá ní tirẹ̀. Àwọn ará ilé pẹ̀lú sì ti pinnu pé bí kò bá jẹ́ akọ̀wé, kò jẹ́ nǹkan mìíràn mọ́. Nígbà tí ọmọ náà bá sì wọ iṣẹ́ tán, òun tìkára rẹ̀ a máa rò pé májẹ̀mú ni òun bá iṣẹ́ náà dá, pé òun kò gbọdọ̀ wo ọ̀tún tàbí òsì mọ́ títí di ọjọ́ ogbó. Àwọn ẹlòmíràn ẹ̀wẹ̀ wà tí ó jẹ́ pé bí oṣù ti ń lé ni wọ́n ń pa iṣẹ́ dà, tí wọn kì í dúró pẹ́ nídìí ohunkóhun tó bí wọn yóò ti mọ adùn tàbí ìkorò rẹ̀. Ọ̀nà méjèèjì ni ó léwu. Àwọn àgbà wa wí pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà; ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ dé ọjà kò lè máa ṣẹ́rí padà ní gbogbo oríta.

Nítorí náà a rò ó pé ó yẹ kí a sọ ìtàn ayé ẹnìkan tí orúkọ rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa, kí a sì wo bí ó ti ń ṣe nígbàkúùgbà tí ó bá dé oríta. Ẹni náà ni Olóògbé Herbert Macaulay, tí àwọn ará Èkó ń pè ní Ejò-n'ígboro. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ mọ̀ ọ́n sí òṣèlú nìkan, irun imú rẹ̀ ńlá sì ni wọ́n fi ń dá àwòrán rẹ̀ mọ̀. Ṣùgbọ́n kí ó tó di òṣèlú ni ó ti jẹ́ akọ̀wé, tí ó ti jẹ́ ọmọ-iṣẹ́ nílẹ̀ òkèèrè, tí ó ti jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, tí ó sì ti jẹ́ awọnlẹ̀ aládàáni.

A bí i ní Èkó ní ọjọ́ 14 oṣù November, ọdún 1864. Baba rẹ̀ ni Àlùfáà Thomas Babington Macaulay, ẹni tí ó dá ilé-ìwé gíga CMS Grammar School sílẹ̀ ní Èkó ní 1859. Ìyá rẹ̀ ni Abigail, ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther. Ẹni tí ó bá wo ibi tí a bí i sí yóò wí pé ìlẹ̀kùn kan ṣoṣo ni ó ṣí sílẹ̀ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, èyí nì ni pé kí ó gbé aṣọ àlùfáà wọ̀ gẹ́gẹ́ bí baba àti baba-ńlá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí pé Bíṣọ́ọ̀bù Crowther pàápàá kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú iṣẹ́ àlùfáà: lẹ́yìn tí a gbà á lọ́wọ́ àwọn tí ń kó ẹrú ní 1822, tí a sì gbé e lọ sí Sàró, iṣẹ́ káfíńtà wà lára ohun tí a kọ́kọ́ fi kọ́ ọ. Nínú ẹbí náà, kì í ṣe ohun tuntun kí ènìyàn bẹ̀rẹ̀ níhìn-ín kí ó sì parí sí ibòmíràn.

Baba Herbert kú ní 1878, nígbà tí ọmọ náà kò tíì pé ọdún mẹ́rìnlá. Ó ń lọ sí ilé-ìwé tí baba rẹ̀ dá sílẹ̀ nígbà náà. Nígbà tí ó jáde ní 1880, kò jókòó ní ilé kí ó máa dúró de ẹni tí yóò fi í sí ipò. Ó bá ọkọ̀ lọ sí odò Ọya, ó dé Brass àti Bonny, ó dé Lọ́kọ́ja àti Gbebe, ó rí bí a ti ń ṣòwò àti bí a ti ń ṣe iṣẹ́ ìyìn rere níbẹ̀. A gbà pé ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀ sàn fún ọ̀dọ́mọkùnrin ju kí àwọn ẹlòmíràn máa ròyìn ayé fún un. Ẹni tí kò tíì rí oko ẹlòmíràn ni í sọ pé kò sí oko tí ó tó ti baba òun.

Ní oṣù September, 1881, ó wọ iṣẹ́ ìjọba ní ẹ̀ka tí ń mójútó iṣẹ́ òde ní Èkó. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Iṣẹ́ akọ̀wé ni a fi í sí, lára ohun tí ó sì ń ṣe ni pé kí ó máa to àwọn ìwé ilẹ̀ ìjọba lẹ́sẹẹsẹ, kí a lè rí èyí tí a bá ń fẹ́. Àwa tí a ti ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí mọ̀ pé kò sí iyì púpọ̀ nínú rẹ̀. Eruku ìwé ni ènìyàn ń fín láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn akọ̀wé a máa ka iṣẹ́ náà sí ohun tí a ń ṣe kí oṣù lè parí. Ṣùgbọ́n ìwé ilẹ̀ kì í ṣe ìwé lásán fún ẹni tí ó bá ń kà á. Orúkọ ìdílé wà nínú rẹ̀, ààlà wà nínú rẹ̀, ìjà àná àti ìjà ọ̀la sì wà nínú rẹ̀. Láti ìgbà tí ìjọba Òyìnbó ti gba Èkó ní 1861, kò sí ohun tí ó gbóná ní ìlú náà bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ibi tí ọ̀dọ́mọkùnrin yìí gbé bẹ̀rẹ̀ rèé, ohun tí ó sì rí níbẹ̀ kò fi í sílẹ̀ títí ọjọ́ ikú rẹ̀.

Ọdún mẹ́sàn-án ni ó lò nídìí iṣẹ́ náà kí ọ̀nà tuntun tó là. Ní 1890, ìjọba rán an lọ sí ìlú Plymouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Gómìnà Moloney sì ni ó ń ṣe àkóso Èkó nígbà náà. A fi í sọ́dọ̀ Ọ̀gbẹ́ni G. D. Bellamy, ẹni tí ń wọn ilẹ̀ tí ó sì ń mójútó iṣẹ́ omi fún ìlú Plymouth. Ẹni ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni Macaulay nígbà náà. Ó ti jẹ́ ẹni tí a mọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀ nílé, ṣùgbọ́n ó gbà láti tún di ọmọ-iṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá. Ohun tí ó ṣòro fún ọ̀pọ̀ ènìyàn nìyí. Ẹni tí a ti ń pè ní ọ̀gá kì í fẹ́ kí a tún máa rán òun níṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí yóò fò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Nǹkan bí ọdún mẹ́ta ni ó fi kọ́ iṣẹ́ náà. Ó tún kọ́ orin àti fayolíìnì mọ́ ọn. Nígbà tí ó padà dé Èkó ní 1893, ìjọba fi í ṣe awọnlẹ̀ fún àwọn ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ Ọba Òyìnbó.

Ẹ jẹ́ kí a dúró níbí díẹ̀, nítorí oríta tí ó le jùlọ ni ó kàn. Ní Èkó ìgbà náà, ta ni kò mọ ohun tí iṣẹ́ ìjọba jẹ́? Owó oṣù kò yẹ̀; ọlá wà nínú rẹ̀ láàrin ìlú; ìyá ọmọ a sì máa fi í yangàn lọ́jà. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni ó ń fi gbogbo ọjọ́ ayé wọn wá ohun tí Macaulay ti ní lọ́wọ́. Síbẹ̀, ní 1898, lẹ́yìn ọdún mẹ́tàdínlógún, ó kọ̀wé fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni.

Ọ̀nà méjì ni a ń gbà sọ ìdí rẹ̀, a kò sì ní fi ọ̀kan pamọ́. Àwọn kan wí pé ọ̀nà tí àwọn Òyìnbó gbà ń ṣe ìjọba ni ó sú u, àti pé kò lè fara mọ́ ọn kí owó oṣù ọmọ ilẹ̀ kéré sí ti Òyìnbó nídìí iṣẹ́ kan náà. Àwọn mìíràn wí pé àwọn ọ̀gá rẹ̀ ti ń fi ẹ̀sùn kàn án pé ó ń lo ipò rẹ̀ fún àǹfààní ara rẹ̀ nínú ọ̀ràn ilẹ̀, àti pé ilé ti gbóná fún un kí ó tó jáde. Èyí ó wù kí ó jẹ́, ohun tí ó hàn gbangba ni pé kò jáde sínú òfo. Ó wo ohun tí ó mọ̀, ó wo ohun tí ìlú ń fẹ́, ó sì rí i pé méjèèjì pàdé. Àwọn onílẹ̀ ń wá ẹni tí yóò wọn ilẹ̀ wọn. Àwọn tí ó lówó ń wá ẹni tí yóò ya àwòrán ilé tí wọn yóò kọ́. Ọ̀nà ọkọ̀ ojú-irin sí Ìbàdàn sì ń lọ lọ́wọ́. Ní ọdún kan náà ni ó gba ìwé-àṣẹ, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ awọnlẹ̀ fún ara rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣòwò mọ ohun tí ó tẹ̀lé e. Lónìí owó wọlé, lọ́la kò wọlé. Ìbànújẹ́ sì tún bá a nílé. Ní oṣù December ọdún 1898 náà ni ó fẹ́ Caroline Pratt. Kí ọdún kejì tó parí ìyàwó náà ti kú. Ẹlòmíràn ì bá ti rò pé àmì ni èyí jẹ́, ì bá sì ti padà lọ bẹ ìjọba. Macaulay dúró nídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ó ya àwòrán ilé fún ọ̀pọ̀ àwọn ènìyàn pàtàkì ní Èkó, títí kan Ọ̀gbẹ́ni Henry Carr, ẹni tí ó wá di alátakò rẹ̀ pátápátá nínú ìṣèlú nígbà tí ó yá. Nínú ilé rẹ̀ tí a ń pè ní Kirsten Hall, orin ni a kọ́kọ́ ń gbọ́ kí ó tó di ibi tí a ti ń gbìmọ̀ ọ̀rọ̀ ìlú.

Kì í ṣe pé ó jí lọ́jọ́ kan tí ó wí pé òun fẹ́ di òṣèlú. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni ó mú un dé ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ní 1908, ó tẹ ìwé kékeré kan jáde nípa Gómìnà Egerton àti ọ̀ràn owó ọkọ̀ ojú-irin, ó sì fi ohun tí kò dára níbẹ̀ hàn. Nígbà tí ìjọba ń fẹ́ kí àwọn ará Èkó máa san owó omi ẹ̀rọ, ó wà lára àwọn tí ó kọ̀. Ẹ rántí ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ti kọ́ṣẹ́ ní Plymouth: iṣẹ́ omi kò ṣókùnkùn sí i. Nígbà tí ẹlòmíràn bá ń fi ìbínú sọ̀rọ̀, ìṣirò ni òun fi ń sọ̀rọ̀.

Ó yẹ kí a sọ ìhà kejì pẹ̀lú, nítorí ìtàn tí kò ní àbùkù kì í kọ́ni lọ́gbọ́n. Ní 1913, ilé-ẹjọ́ dá a lẹ́bi nínú ọ̀ràn owó ogún kan tí a fi sí ìkáwọ́ rẹ̀, ó sì ṣẹ̀wọ̀n. Àwọn olùfẹ́ rẹ̀ wí pé ọ̀tẹ̀ ni; àwọn ọ̀tá rẹ̀ wí pé ẹ̀tọ́ ni. Àwa kò jókòó bí adájọ́ lórí rẹ̀. Ohun tí a mọ̀ ni pé ìdájọ́ náà pa ìlẹ̀kùn kan dé mọ́ ọn: kò lè dìde fún ìbò tàbí jókòó nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ẹni tí ó bá ní ọ̀nà kan ṣoṣo lọ́kàn, irú èyí ni yóò pa á.

Ṣùgbọ́n ìmọ̀ tí ó ti kó jọ láti ìgbà èwe kò bá a wọ ẹ̀wọ̀n kí ó má jáde mọ́. Ní 1913 kan náà ni ìjọba gba ilẹ̀ ní Apápá tí ó jẹ́ ti ìdílé Oluwa. Ọ̀ràn náà lọ láti ilé-ẹjọ́ dé ilé-ẹjọ́, ó sì dé iwájú Ìgbìmọ̀ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ó jẹ́ ilé-ẹjọ́ tí ó ga jùlọ fún wa nígbà náà. Nígbà tí Amodu Tijani, Olóyè Oluwa, ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1920, Herbert Macaulay ni ó bá a lọ gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé àti ògbufọ̀. Ní 1921, Ìgbìmọ̀ náà dá Olóyè láre pé ilẹ̀ náà jẹ́ ti àwọn ènìyàn rẹ̀, kì í sì í ṣe ti ìjọba lọ́fẹ̀ẹ́; £22,500 ni owó tí ìjọba sì san nítorí rẹ̀. Ẹ wo bí ìgbà ti ń yí. Ọmọ tí ó ń to ìwé ilẹ̀ nínú eruku ní 1881, òun ni ó dúró ti onílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ogójì ọdún ó dín díẹ̀ lẹ́yìn náà. Kò sí ọ̀kan nínú iṣẹ́ tí ó fi sílẹ̀ tí ó fi sílẹ̀ tọwọ́-tẹsẹ̀.

Ní 1922, òfin ìjọba tuntun fún Èkó ní àyè mẹ́ta nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin, tí àwọn ọkùnrin tí ó ń rí £100 lọ́dún yóò dìbò yàn. Nígbà tí ó jẹ́ pé Macaulay kò lè dúró fún ìbò, ó wá ọ̀nà mìíràn. Ní 1923, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ òṣèlú Nigerian National Democratic Party sílẹ̀. Egerton Shyngle, Dr. Adeniyi-Jones àti Ọ̀gbẹ́ni Eric Moore ni ẹgbẹ́ náà gbé wọlé ní ọdún náà. Ní 1927, òun àti Dr. Caulcrick ra ìwé ìròyìn Lagos Daily News, ó sì di oníwé-ìròyìn ní ẹni ọgọ́ta ọdún ó lé. Ọ̀rọ̀ kan tí ó jáde nínú ìwé náà sọ ọ́ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà ní 1928. Ó jáde, ó sì ń bá ìjà Ọba Eshugbayi Eleko lọ, ẹni tí ìjọba ti yọ lóyè tí wọ́n sì lé kúrò nílùú ní 1925, títí Ọba náà fi padà sí Èkó ní 1931.

Ǹjẹ́ kò ha sí ìgbà kan tí òun náà di etí bí? Ó wà. Ẹgbẹ́ tí ó dá sílẹ̀ ń jẹ́ orúkọ gbogbo Nàìjíríà, ṣùgbọ́n Èkó nìkan ni ó fi ṣe ilé. Fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ó ń borí níbẹ̀. Ẹni tí ó bá sì ń borí lójoojúmọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ wo ẹ̀yìn. Àwọn ọ̀dọ́ kó ara wọn jọ ní 1934, ẹgbẹ́ wọn sì wá ń jẹ́ Nigerian Youth Movement. Wọ́n tan ẹgbẹ́ náà dé ìlú púpọ̀. Ní 1938, àyè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní Èkó ni wọ́n gbà mọ́ ẹgbẹ́ Macaulay lọ́wọ́. Ẹni tí ó ti kọ́ iṣẹ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún láti ìgbà èwe gbàgbé láti kọ́ ohun tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti mọ̀.

Bí ìtàn náà bá parí síbẹ̀, a kì bá tí kọ ọ́. Ní 1944, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni ó pe ìpàdé ńlá ní gbọ̀ngàn Glover ní Èkó láti so àwọn ẹgbẹ́ gbogbo pọ̀, láti inú èyí tí NCNC ti jáde. Wọ́n fi Macaulay ṣe ààrẹ, Ọ̀gbẹ́ni Nnamdi Azikiwe sì ni akọ̀wé. Ogójì ọdún ni baba yìí fi ju akọ̀wé rẹ̀ lọ. Bàbá tí ó súnmọ́ ẹni ọgọ́rin ọdún ì bá ti wí pé òun kò lè bá ọmọdé jókòó, tàbí pé Èkó ni òun mọ̀. Kò wí bẹ́ẹ̀. Ó gbà pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ní 1946, ó bá wọn jáde yí gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà ká láti sọ̀rọ̀ lórí òfin ìjọba tí Gómìnà Richards gbé kalẹ̀. Kánò ni àìsàn ti bá a; a gbé e padà sí Èkó, ó sì kú ní ọjọ́ 7 oṣù May, 1946. Itẹ́-òkú Ìkòyí ni a sin ín sí. Ní 1979, ìjọba fi àwòrán rẹ̀ sí ara owó náírà kan.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, kí ni a rí kọ́? Èkíní, Macaulay kò kúrò nídìí iṣẹ́ kan kí ó tó mọ̀ ọ́n. Ọdún mẹ́sàn-án ni ó fi to ìwé, ọdún mẹ́tàdínlógún ni ó fi sin ìjọba. Èkejì, kò jẹ́ kí ipò tí ó wà lónìí dí i lójú sí ohun tí ó lè ṣe lọ́la. Ẹ̀kẹta, nígbà tí ó bá ń kúrò, ohun tí ó ti kọ́ ni ó fi ń ṣe ìpìlẹ̀ èyí tí ó kàn. Ẹ̀kẹrin, nígbà tí ó di etí, ó pàdánù. Nígbà tí ó sì tún ṣí i, ọlá bá a lọ sí ibojì.

Nítorí náà, kí ọ̀dọ́mọkùnrin tàbí ọ̀dọ́mọbìnrin tó yan iṣẹ́, tàbí kí ó tó fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí ó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè: Kí ni iṣẹ́ yìí ti fi kọ́ mi? Ta ni ó nílò ohun tí mo mọ̀? Ta ni mo ti bi léèrè tí kì í ṣe ẹni tí yóò sọ èyí tí ó dùn mọ́ mi nìkan? Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Kí àwọn baba àti ìyá pẹ̀lú rántí pé ọmọ tí kò bá gba ọ̀nà tí wọ́n là sílẹ̀ kò ti ipa bẹ́ẹ̀ sọnù. Ọmọ àlùfáà ni Macaulay, ọmọ-ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù. Kò wọ aṣọ àlùfáà, síbẹ̀ ìlú kò gbàgbé rẹ̀.